Òfìfo Tó Tẹ̀, Òfìfo Tí Kò Tẹ̀: Òòfà Nínú Ayé Tí Ìhà Rẹ̀ Kò Pé

Alága àpéjọ wa, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wà lórí ìdúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò kárí, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn àgbà onímọ̀ ìṣirò tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí: n kò ní kọ ìdọ́gba kankan sójú pátákó lónìí, ẹnu ni n ó fi sọ gbogbo rẹ̀. Bí mo bá gba àbùjá níbì kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á. Àbùjá kì í ṣe irọ́.

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Bí a bá kó gbogbo nǹkan kúrò níbì kan, tí kò ku eruku, tí kò ku afẹ́fẹ́, tí kò ku ìmọ́lẹ̀ pàápàá, ṣé òòfà, agbára tó ń mú kí nǹkan já bọ́ sílẹ̀, ṣì lè wà níbẹ̀? Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Nínú ayé tiwa yìí, bẹ́ẹ̀ ni, ó lè wà. Nínú ayé tí ìhà kan bá dín nínú rẹ̀, kò lè wà. Nínú èyí tí ìhà méjì bá dín, ìbéèrè ọ̀hún gan-an kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Kí ló fà á? Òun ni mo wá sọ.

Ìhà tí mo ń wí ni gígùn, ìbú, gíga, àti àkókò tí Einstein so mọ́ wọn. Mẹ́rin ni tiwa. Yọ gíga kúrò, ó ku mẹ́ta. Yọ ìbú mọ́ ọn, ó ku méjì. Mo rí àwọn òbí kan tó ti ń wò mí bíi pé, "Kí lèyí máa sè lọ́bẹ̀?" Ẹ ṣe sùúrù fún mi.

Kókó kìn-ín-ní: báwo la ṣe ń mọ̀ pé àyè tẹ̀?

Ní ọdún 1827, Carl Friedrich Gauss, ọmọ Jámánì tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn ilẹ̀ Hannover, fi hàn pé ẹni tó ń gbé lórí ilẹ̀ kan lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà tẹ̀ láìfò sókè wò ó láti òkèèrè. Ìwọ̀n tó bá wọ̀n lórí ilẹ̀ náà tó o.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ìlà agbedeméjì ayé àti ìlà tó gba Tema ní Ghana àti Greenwich ní London kọjá pàdé ara wọn nínú òkun Guinea, ní gúúsù Ghana. Dúró síbẹ̀, kí o di ọfà kan mú, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí àríwá. Máa rìn lọ sí ìlà oòrùn lórí ìlà agbedeméjì ayé títí wàá fi rin ìdá kan nínú mẹ́rin àyíká ayé. Má yí ọfà náà rárá, àríwá ni kó máa kọjú sí. Níbẹ̀, yà sí àríwá, kí o sì rìn títí dé òpin àríwá ayé. Ọfà ṣì dúró bó ṣe wà lọ́wọ́ rẹ. Wá bá ọ̀nà Greenwich àti Tema sọ̀ kalẹ̀ padà síbi tí o ti gbéra. Ibo ni ọfà kọjú sí báyìí? Ìwọ̀ oòrùn ni! O kò yí i. Ẹnikẹ́ni kò yí i. Síbẹ̀, ó ti fi 90 dígírì yí. Ilẹ̀ tí o rìn ló yí i.

Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tí kò bá yí po, gbogbo ilẹ̀ ni yóò dà bíi pé ó tẹ́jú lójú rẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1854, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 27 kan, Bernhard Riemann, ọmọ pásítọ̀, fẹ́ gba àṣẹ láti máa kọ́ni ní yunifásítì Göttingen. Àṣà ibẹ̀ ni pé kó dá àkòrí mẹ́ta, kí àwọn àgbà mú ọ̀kan tí yóò sọ̀rọ̀ lé lórí. Riemann ti múra àwọn méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀ dáadáa. Gauss, tó ti darúgbó nígbà náà, mú ẹ̀kẹta. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ bó ṣe ń rí nígbà tí ìbéèrè bá jáde láti ibi tí a kò kà! Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Riemann sọ lọ́jọ́ náà ló mú ọgbọ́n Gauss kúrò lórí ilẹ̀ oníhà méjì, tó gbé e dé àyè oníhà iyekíye.

Ohun tí a ń pè ní tẹ́ńsọ̀ Riemann kò ju èyí lọ: ó jẹ́ àkójọ nọ́ńbà tó ń sọ, fún gbogbo àyíká kékeré tí o bá lè rìn, iye tí ọfà ọwọ́ rẹ yóò fi yí. Nọ́ńbà mélòó ni a nílò níbì kọ̀ọ̀kan? Níbi tí ìhà bá jẹ́ méjì, ẹyọ kan péré. Níbi tí ó bá jẹ́ mẹ́ta, mẹ́fà. Tó bá wá di mẹ́rin ńkọ́? Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 16. Yọ ẹyọ kan, ó ku 15. Mú 16 lọ́nà 15, ó di 240. Pín in sí 12. Mélòó ló kù?

Ogún! Ẹ ṣé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ di 1, 6 àti 20 yìí mú, torí orí wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ òní dúró lé.

Kókó kejì: òfìfo tiwa

Nígbà tí Einstein padà sí Zürich ní 1912, ó mọ ohun tó ń wá, kò mọ ìṣirò tí yóò fi mú un. Ọ̀dọ̀ Marcel Grossmann ló sáré lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kàwé, ẹni tó máa ń fi ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ràn án lọ́wọ́ nígbà tí Einstein kì í lọ sí kíláàsì. Grossmann ló tọ́ka iṣẹ́ Riemann sí i, àti ti àwọn ará Ítálì méjì, Ricci àti Levi-Civita. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1915, ní Berlin, Einstein gbé ìdọ́gba rẹ̀ jáde. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni bí àyè ṣe tẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni ohun tó wúwo tàbí tó ní agbára níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe gbogbo ogún nọ́ńbà Riemann ló wà lọ́wọ́ òsì yẹn. Mẹ́wàá péré ni, èyí tí a fi orúkọ Ricci pè. Níbi tí kò bá sí nǹkan kan, ìdọ́gba Einstein sọ mẹ́wàá Ricci di òdo. Mẹ́wàá yòókù ńkọ́? Kò bá wọn wí! Orúkọ Hermann Weyl, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Jámánì, ni wọ́n ń jẹ́. Ibi tí ẹrù, ìyẹn ohun tó wúwo, wà lè jìnnà réré, kí Weyl ṣì máa ṣiṣẹ́ nínú òfìfo tó wà láàárín.

Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ká ní a tú eruku sínú òfìfo, tó rí roboto, tí a sì jẹ́ kó máa já bọ̀ sí ilẹ̀ ayé. Eruku ìsàlẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ ju ti òkè lọ, nítorí náà ó ń yára jù ú lọ. Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ ń wọlé súnmọ́ ara wọn torí pé ojú kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Eruku náà yóò gùn lóròó, yóò sì tín-ín-rín ní ìbú, ṣùgbọ́n bí èyí ti ń bẹ̀rẹ̀, àyè tó gbà kò dín, kò sì pọ̀ sí i. Ricci ló ń ṣọ́ iye àyè tó gbà. Weyl ló ń fà á gùn. Ohun kan náà ni òṣùpá ń ṣe sí wa láti nǹkan bí 384,000 kìlómítà, tí omi òkun fi ń kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ní etíkun Èkó. Kí ló wà láàárín àwa àti òṣùpá? Òfìfo ni.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1919, òṣùpá dí oòrùn. Arthur Eddington, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, ti gbé awò tó fi ń wo ìràwọ̀ lọ sí erékùṣù Príncipe, nínú òkun Guinea yìí kan náà. Àwọn mìíràn lọ sí Sobral ní Brazil. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó gba ẹ̀bá oòrùn kọjá yóò tẹ̀. Einstein ti ní bí a bá pín dígírì kan sí 3,600, yóò tẹ̀ ní 1.75 nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí bá ti Einstein mu ju ti Newton lọ. Ìmọ́lẹ̀ náà kò wọ inú oòrùn o. Ẹ̀yìn òde ló gbà.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015 ńkọ́? Ẹ̀rọ LIGO méjì ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Hanford, èkejì ní Livingston, gba ìgbì òòfà láti ọ̀dọ̀ ihò dúdú méjì, ibi tí òòfà le débi pé ìmọ́lẹ̀ kò lè jáde, tí wọ́n wọ inú ara wọn. Ìgbì yẹn ti rin ìrìn àjò tó ju bílíọ̀nù ọdún kan lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Weyl lásán ló rìn ín, láìsí ẹrù kankan lọ́wọ́.

Kókó kẹta: ká yọ gíga kúrò

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ní àyè oníhà mẹ́ta, Riemann jẹ́ nọ́ńbà mẹ́fà. Ricci ńkọ́? Mẹ́fà náà ni. Mẹ́fà nínú mẹ́fà, kí ló kù fún Weyl? Òdo. Bí ìdọ́gba Einstein bá wá sọ Ricci di òdo nínú òfìfo, gbogbo Riemann ló di òdo. Òfìfo tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí ibi tí ìtẹ̀ lè sá pamọ́ sí.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn gbà lọ́wọ́ ayé ọ̀hún. Kò sí ìgbì òòfà. Kò sí òkun tó ń kún tó ń fà nítorí òṣùpá. Òkúta méjì tí a gbé kalẹ̀ jẹ́jẹ́ kò ní súnmọ́ ara wọn láéláé. Newton pàápàá kò ní dá ayé yẹn mọ̀, nítorí pé bí a bá mú òfin tirẹ̀ wọ inú ìhà tó dín, òkúta ṣì ń fa òkúta níbẹ̀. Ti Einstein kò fà á.

Ṣé kò wá sí òòfà rárá ni? Andrzej Staruszkiewicz, ará Poland, dáhùn ìyẹn ní 1963. Ní 1984, Stanley Deser, Roman Jackiw àti Gerard 't Hooft tún un ṣe lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́. Ẹ bá mi mú ìwé tí àwọn ẹlẹ́pà máa ń ká roboto, tó ṣẹnu ṣóńṣó nísàlẹ̀, kí wọ́n tó bu ẹ̀pà sí i.

[Níbi yìí ni mo na ìwé kan sókè, tí mo gé e roboto, tí mo sì gé ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jù nù.]

Ẹ wò ó. Mo fa etí méjèèjì pọ̀, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Ó ti di ìwé ẹ̀pà. Ṣé mo fa ìwé yìí gùn? Rárá. Ṣé ó ṣẹ́ po níbì kan? Rárá. Bí èèrà bá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìyí ṣóńṣó po, ọfà ọwọ́ rẹ̀ kò ní yí rárá. Lójú èèrà yẹn, ilẹ̀ tó tẹ́jú ló wà. Ṣùgbọ́n kó yí ṣóńṣó náà po lẹ́ẹ̀kan péré, ọfà yóò ti fi 90 dígírì yí, iye tí mo gé jù nù gan-an. Ẹrù wà ní ṣóńṣó. Bí ẹrù náà bá ṣe wúwo tó ni ìdá tí a gé ṣe tóbi tó, ìwọ̀n fún ìwọ̀n. Gbogbo òòfà tó wà nínú ayé oníhà mẹ́ta kò jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi èèrà méjì sórí rẹ̀ kí wọ́n jọ máa rìn gba ojú kan náà, kí ìkan gba ọ̀tún ṣóńṣó, kí ìkejì gba òsì. Ọ̀nà wọn yóò pàdé lódì kejì. Bí àwọn méjèèjì bá gba apá kan náà kọjá, wọn kò ní pàdé, wọn kò sì ní jìnnà síra. Oòrùn tiwa kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní Príncipe: ìmọ́lẹ̀ tó gba ìtòsí rẹ̀ tẹ̀ ju èyí tó gba òkèèrè lọ, kódà lápá kan náà. Ìyàtọ̀ yẹn ni Weyl.

Èmi ò mọ̀ bóyá ó ń ya ẹlòmíràn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń yà mí lẹ́nu di òní: àyè tí kò tẹ̀ níbikíbi tí ẹ bá fọwọ́ kàn, síbẹ̀ tí ẹ kò lè tẹ́ sílẹ̀ lórí tábìlì.

Ihò dúdú tí ẹnikẹ́ni kò retí

Ihò dúdú ńkọ́? Ṣé ó lè wà níbẹ̀? Kí ihò tó lè wà, ó gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n. Nínú ayé tiwa, bí o bá mú ìwúwo oòrùn, tí o fi nọ́ńbà òòfà Newton àti ìyára ìmọ́lẹ̀ ṣírò rẹ̀, gígùn ló máa ń jáde: nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta fún oòrùn, mìlímítà mẹ́sàn-án fún ilẹ̀ ayé. Bí ẹ bá lè fún gbogbo oòrùn wọ inú kìlómítà mẹ́ta, ó ti di ihò dúdú. Ṣùgbọ́n ní ìhà mẹ́ta, ìṣirò kan náà kò bí gígùn. Igun ló ń bí, ìdá tí a gé nínú ìwé ẹ̀pà. Ta ni yóò fi igun wọn fífẹ̀ ihò? Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi gbà pé kò lè sí i.

Ní 1992, Máximo Bañados, Claudio Teitelboim tó ń jẹ́ Bunster báyìí, àti Jorge Zanelli, ọmọ Chile, gbé ìwé jáde tó ya gbogbo ayé físíìsì lẹ́nu. Wọ́n fi nọ́ńbà kan tí Einstein ti fi kún ìdọ́gba rẹ̀ ní 1917 sí i, èyí tí à ń fi àmì Λ kọ, wọ́n sì mú kó kéré ju òdo lọ. Λ ń mú kí òfìfo fúnra rẹ̀ tẹ̀ bákan náà níbi gbogbo. Ohun tó tún mú wá ni gígùn kan, òṣùwọ̀n tí ayé náà kò ní tẹ́lẹ̀! Wọn kò tẹ ibì kankan ju ibòmíràn lọ o. Wọ́n kàn mú apá kan àyè náà lẹ̀ mọ́ apá mìíràn, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe lẹ etí ìwé yìí, ihò dúdú sì jáde, tó ní ẹnu ibodè tí ìmọ́lẹ̀ kò lè gbà jáde, tó ń gbóná, tó lè máa yí bí òkòtó. BTZ là ń pè é, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn.

Àwọn kan yóò sọ pé eré ọmọdé ni, torí pé láti 1998 ni àwọn tó ń wo ìràwọ̀ ti rí i pé Λ ayé tiwa ju òdo lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ihò kékeré yìí jẹ́ kí a ṣírò ohun tí ìhà mẹ́rin ń fi há wa lọ́wọ́. Bekenstein àti Hawking ti fi yé wa ní bí 1970 sí 1975 pé a lè ka iye ọ̀nà tí inú ihò dúdú lè gbà wà láti ara ẹnu ibodè rẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́rin fífẹ̀ rẹ̀. Ta ló ti kà á ní tòótọ́? Ní 1986, Brown àti Henneaux ti ṣírò nọ́ńbà kan fún etí òde irú ayé oníhà mẹ́ta yìí. Ní òpin 1997, Andrew Strominger mú nọ́ńbà yẹn, ó fi ka ti BTZ, ó sì bá a: ìdá kan nínú mẹ́rin àyíká ihò náà, láìdín, láìlé.

Ìhà méjì

Èyí kò ní pẹ́. Ní ìhà méjì, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló kù, ọwọ́ òsì ìdọ́gba Einstein sì máa ń jẹ́ òdo fúnra rẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ kọ̀. Ẹ wo àpótí: igun mẹ́jọ ló ní, ojú mẹ́ta ló pàdé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ wọn sì fi 90 dígírì dín sí 360; ìdín yẹn ni ìtẹ̀ ibẹ̀, bí ìdá tí a gé nínú ìwé ẹ̀pà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 720. Ẹ wo èyí tó ní ojú mẹ́rin onígun mẹ́ta dọ́gbadọ́gba: igun mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan fi 180 dín. Gbogbo rẹ̀, 720. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fún un, níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá ti lu ihò sí i, 720 ni. Ìdọ́gba tí èsì rẹ̀ kì í yí padà kò lè pàṣẹ fún ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tí Jackiw àti Teitelboim, yàtọ̀ síra wọn, fi gbé ìdọ́gba mìíràn kalẹ̀ fún ìhà méjì láàárín 1980 sí 1985, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ físíìsì ń gbé kiri báyìí bí ẹyin.

Ṣé ìwé ẹ̀pà wà lójú ọ̀run?

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ti na ọwọ́ láti ìṣẹ́jú mélòó kan. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a lè rí irú ìwé ẹ̀pà yìí nínú ayé tiwa tó ní ìhà mẹ́rin?" Ọmọ mi, ìbéèrè àgbà lo bi. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè wà. Láti 1976 ni Tom Kibble ti ṣàlàyé pé nígbà tí àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tutù, ó lè ti fi àwọn okùn tó gùn tó sì tín-ín-rín púpọ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀run. Àyè tó yí irú okùn bẹ́ẹ̀ ká, bó bá gún régé, tẹ́jú bí ẹ̀gbẹ́ ìwé ẹ̀pà gan-an, pẹ̀lú ìdá díẹ̀ tí a gé kúrò.

Báwo la ó ṣe mọ̀ ọ́n? Agbo ìràwọ̀ tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò fara hàn lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀tún àti òsì okùn. Àwòrán méjèèjì yóò sì mọ́ gaara, kò ní sí èyí tó gùn tàbí tó wọ́, torí kò sí Weyl níbẹ̀ tí yóò fà á gùn. Ní 2003, àwọn ará Rọ́ṣíà àti Ítálì kéde pé àwọn rí irú méjì bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní CSL-1: agbo ìràwọ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọ̀ kan náà, jíjìnnà kan náà, kò sí èyí tó gùn. Ọ̀pọ̀ wa ló fò sókè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, wọ́n yí awò Hubble sí i, àwòrán rẹ̀ sì mọ́ kedere ju ti ìṣáájú lọ. Kì í ṣe ọ̀kan tó dà bí méjì. Agbo ìràwọ̀ méjì ni lóòótọ́, tí wọ́n kàn jọra. Wọ́n ṣì ń wá okùn náà.